Ìyá Òfin ní Kọ́nà Ilé Ìkàwé

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fi mí joyè lónìí. Ìrù ni wọ́n ń pe oyè náà.

Kí n tò ó sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, torí orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ, a máa ń pàdé níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wa. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìdíje, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bí kẹ̀kẹ́ rẹ ṣe dàgbà tó. A ó rọra yí ìlú ká, a ó máa tàkúrọ̀sọ lọ, a ó sì parí ẹ̀ síbi tíì létí odò. Tíṣà ló ń ṣíwájú — obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tó máa ń kà wá bí ẹni tó kó ọmọ ilé ìwé lọ wo kìnnìún.

Ìlà wa máa ń gùn. Kí ẹnì kankan má baà sọnù, òfin wà. Bí Tíṣà bá fẹ́ yà ní kọ́nà kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á dúró síbẹ̀, á máa nawọ́ sọ́nà tí a gbà. Òpó là ń pe ẹni náà. Òpó ò gbọdọ̀ kúrò títí ẹni tó kẹ́yìn pátápátá á fi kọjá. Báwo ló ṣe máa mọ ẹni tó kẹ́yìn? Ẹ̀wù yẹ́lò. Ẹni tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò ni Ìrù, Ìrù kì í sì í kọjá ẹnì kankan. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ó lè bọ́ ọ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo wa ni ẹ̀wù yẹn gbọ́dọ̀ wà.

Bíríkìlà tó ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, orúnkún ẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà bá wò mí. Ó ní, Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú lẹ máa ń kẹ́yìn, ẹ gba ẹ̀wù ẹ̀. Mo ní ṣé oyè nìyẹn àbí èébú. Ó ní méjèèjì ni.

Mo gbà á. Ogójì ọdún ni mo fi gẹ irun, ìpàkọ́ ni mo fi dá gbogbo ìlú mọ̀. Lónìí mo wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ méjìdínlógún ń lọ níwájú mi, márùn-ún nínú wọn, ẹni tó gẹ̀ wọ́n yẹ lẹ́wọ̀n. Ọlọ́run ti dá mi padà sídìí iṣẹ́.

Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ — Kọmíṣọ́nnà — ní òun ò rí irú eléyìí rí, kí bàbá ọlọ́dún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin máa yọ̀ pé òun di ìrù. Mo ní kó lọ bi màlúù tí ò ní in bí nǹkan ṣe rí.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ìbàdí. Orúnkún. Ìdí. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ò mọ olóyè.

Ọjọ́rú, 9

Òjò ò jẹ́ kí n jáde. Mo ń ro ti Ìyá Òfin.

Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé ó kó òfin ibẹ̀ délé. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ láàárín wa. Kẹ̀kẹ́ ọkọ ẹ̀ ló ń gùn, kẹ̀kẹ́ ọkùnrin, gíga bí àkàbà. Ọkọ ti kú. Tíṣà ní lẹ́yìn ìsìnkú, odidi ọdún méjì ni obìnrin yìí ò fi ré kọjá géètì. Ọjọ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jáde ló tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí èèyàn. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, oníṣègùn eyín, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, ò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó ti sọ fún un: bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ péré, kẹ̀kẹ́ parí.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú oyè mi, iná pupa dá wa dúró lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Kò sí mọ́tò. Kò sí ajá. Gbogbo wa kọjá. Òun dúró. Mo padà lọ bá a.

Ìyá, ta lẹ ń dúró dè?

Iná.

Mo ní iná ò mọ̀ yín. Ó ní òun mọ iná.

Kò rẹ́rìn-ín o. Mo rẹ́rìn-ín délé. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín máa ń yún mi lọ́wọ́, bí irun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lórí tí mo ti fá tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Oníbúrẹ́dì yà kí mi. Ó lọ́ra, ó tóbi, òun ló máa ń wà níwájú mi gẹ́lẹ́ lórí ìlà. Ó ní ẹ̀rù òjò ọjọ́ Àìkú ń ba òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, iyọ̀ lòjò ń yọ́, kì í yọ́ ọ̀rá. Ó fi búrẹ́dì méjì sílẹ̀ fún mi, ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi ń ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láì fi ata sí i.

Èèyàn mẹ́tàdínlógún. Ojú ọ̀run ṣú. Ìyá Òfin ni Òpó ní kọ́nà ilé ìkàwé, ọwọ́ ẹ̀ nà tọ́ọ́ bí ọwọ́ aago mẹ́ta. Mo rí i láti òkèèrè. Oníbúrẹ́dì nìkan ló wà níwájú mi, ó ń mí bí ẹ́ńjìnnì ìlọta. Àrà bá sọ sí mi lórí. Mo bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò, mo ká a sínú ṣẹ́ẹ̀tì, mo fa fìlà bojú, mo tẹrí ba. Bí mo ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀, mo yí ohùn padà, mo ní, Ó ku ẹnì kan lẹ́yìn o, Ìyá.

Ó ní, Ẹ ṣeun.

Èrò mi ni pé kí n dé òpópónà kejì, kí n yí padà, kí n na ẹ̀wù náà sókè bí àsíá, kó bínú díẹ̀, kó wá rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú méjì. Ṣéènì Oníbúrẹ́dì bá bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ bá a ṣe é, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́ wa. Atẹ́gùn tutù dé, mo fa ẹ̀wù yẹ́lò wọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni òjò — kì í ṣe èyí tó máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì sá. Mo sá tẹ̀ lé e.

Mo rántí ẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rántí ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní á ti gbọ́n, á ti gbalé lọ.

Nígbà tí a dé ibi tíì, Tíṣà kà wá. Mẹ́rìndínlógún. Ó wo ẹ̀wù tó wà lára mi. Ó ní, Bàbá, Ìyá dà, ṣé ẹ kọjá lọ́dọ̀ wọn? Mo ní, Mo kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀, ó rí mi. Bóyá òjò ti lé e gbalé lọ.

Kò sí irọ́ kankan nínú ẹ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò léraléra láti ọ̀sán. Mo kọjá, ó rí mi, bóyá. Kò sí.

Tíṣà pè é lórí fóònù. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ọjọ́ Ajé, 14

Tíṣà fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Nígbà tí aago méjìlá kọjá dáadáa ni oníṣègùn eyín gbé mọ́tò jáde láti wá ìyá ẹ̀. Kọ́nà ilé ìkàwé ló ti bá a. Ó ṣì dúró. Ọwọ́ ṣì nà. Wákàtí méjì àtààbọ̀, nínú òjò yẹn. Ó ní kó wọlé sínú mọ́tò, ìyá ní ẹ̀wù yẹ́lò ò tíì kọjá. Ó fà á lọ́wọ́ bí ọmọdé.

Ó wá pe Tíṣà. Tíṣà ní ẹ̀wù yẹ́lò ti dé ibi tíì láti aago mẹ́wàá ààbọ̀, lára Bàbá Onígbàjámọ̀, bàbá sì ní àwọn kọjá lọ́dọ̀ Ìyá. Ọmọ náà ní, Ó dáa. Mo ti gbọ́.

Tíṣà ní orí àgbà ni, ìgbàgbé ti ń dé, kí gbogbo wa fi Ìyá sádùúrà.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo po tíì. Tíì tutù síwájú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mo fẹ́ lọ sọ fún Tíṣà lónìí. Mo gé èékánná ẹsẹ̀ dípò ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17

Kọmíṣọ́nnà mú ìròyìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ni nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Wọ́n ti ti kẹ̀kẹ́ Ìyá Òfin mọ́ yàrá ẹrù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọmọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n ń gbé ìyá lọ kí dókítà yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò. Ọmọ ti ń wá ẹni tó máa gbé kẹ̀kẹ́ yẹn kúrò nílé pátápátá, kí ojú ìyá má baà máa rí i.

Kọmíṣọ́nnà ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọjá lọ́dọ̀ wọn, ṣé wọ́n ti dà bí ẹni tí nǹkan ń ṣe?

Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun. Kò sí oúnjẹ níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí n lanu, kí n sọ pé èmi ni. Á gba kẹ̀kẹ́ ẹ̀ padà, á gba orí ẹ̀ padà. Èmi á bọ́ ẹ̀wù. Ibẹ̀ ló ti wá le. Láti ọjọ́ tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí ìyá àwọn ọmọ sì papò dà lọ́dún kejì ẹ̀, ta ló tún ń retí mi níbì kan? Lọ́jọ́ Àìkú, èèyàn ogún ò ní gbé tíì sẹ́nu àfi tí mo bá dé. Ẹ̀wù lásán ni, aṣọ ọ̀rá, ó ń rùn. Mo ń fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á lé e bá. Òótọ́ tèmi ò ní kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20

A jáde. Òun ò sí níbẹ̀. Wọ́n ń káàánú ẹ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ títí dé odò. Ọ̀kan ní ó ṣe, ọpọlọ tó mú bẹ́ẹ̀. Òmíràn ní òun ti fura láti ọjọ́ iná pupa. Iná pupa kẹ̀, èmi ni mo sọ ìtàn yẹn di àwàdà fún wọn.

Tíṣà fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, Bàbá, ká ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá má mọ ọ̀rọ̀ ẹni tí mo máa gbà.

Odindi àárọ̀ kan, mi ò bú ẹnì kankan. Oníbúrẹ́dì bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 21

Eyín. Oníbúrẹ́dì ló fún mi lọ́gbọ́n yẹn láì mọ̀.

Mo lọ bá oníṣègùn eyín níbi iṣẹ́ ẹ̀ láti sọ òótọ́ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó to abẹ. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Èèyàn márùn-ún jókòó, gbogbo wọn gbójú sókè. Mo ní eyín.

Wọ́n bá gbé mi sórí àga. Àga náà dára ju ti ṣọ́ọ̀bù mi ìgbà yẹn lọ, ó ń ga, ó ń wálẹ̀, ó ń sùn sẹ́yìn. Iná bo ojú mi. Ó dé, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìbòmú lójú. Ó ní, Áà, ẹ̀yin lẹ ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Mo ní, Àáà, torí irin méjì ti wà lẹ́nu mi.

Ó ń ha eyín, ó ń sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ bó ṣe rí fún Tíṣà. Ó ní báyìí gẹ́lẹ́ ni ti bàbá òun ṣe bẹ̀rẹ̀: ó dúró sẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, kò mọ ibi tó ń lọ. Òun fi ṣe ẹ̀rín nígbà yẹn. Nígbà tí òun máa fi mọ̀, bàbá ò dá òun mọ̀ mọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, Ẹ ya ẹnu dáadáa, Bàbá.

Ẹnu tí ò pa dé láti kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n yà á, ọ̀rọ̀ kan ò jáde.

Nígbà tó yọ irin, mo ní ẹ ṣeun. Mo délé, Kọmíṣọ́nnà ní eyín mi ń dán.

Ọjọ́rú, 23

Mo padà lọ. Mi ò jókòó. Akọ̀wé ní ṣé eyín náà ni, mo ní kò sí eyín kankan tó ń dùn mí, dókítà ni mo fẹ́ rí. Ó jáde sí mi ní ọ̀nà àárín, láàárín àga méjì. Mo sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn fún un lórí ìdúró. Mo bọ́ ẹ̀wù. Mo yí ohùn. Mo ní ó ku ẹnì kan. Mo sì dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ọ̀kan, èkejì.

Ó ní, Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Bàbá?

Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ó mi orí. Kò pariwo. Ì bá pariwo. Ó ní ní àná, dókítà bi ìyá òun ní ọjọ́, ní oṣù, ní orúkọ ọmọ-ọmọ. Ó ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá dáhùn gbogbo ẹ̀, ó tún bá dókítà tún déètì tó kọ sórí ìwé ṣe. Ìgbà tí wọ́n bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà, ó ní, Ìyẹn, mi ò ní sọ. Ọmọ ní, Mo rò pé ó ti gbàgbé ni, pé ojú ló ń tì í.

Ó wá ní, Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn ń dúró dè mí.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mo gbé ẹ̀wù lọ bá Tíṣà ní ilé ìwé. Ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, bírò pupa lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, Bàbá, òfin yẹn ò ní ọlọ́pàá. Ká gba ara wa gbọ́, ohun tó ní ò ju ìyẹn lọ. Ó ká ẹ̀wù náà sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ tábìlì. Ó ní mo ṣì lè máa bá wọn jáde, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́ fún gbogbo wọn.

Ìgbà márùn-ún ni mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Àwàdà wà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìkarùn-ún nìyí: Èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù. Èmi ni mo sọ fún Ìyá pé ó ku ẹnì kan. Orí wọn pé. Ẹ má bínú.

Oníbúrẹ́dì nìkan ló fèsì. Ó ní, Bàbá, mo rò pé eyín ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Mo lọ sílé Ìyá Òfin, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó ọmọ ẹ̀ ní wọ́n ń sùn. Mo gbọ́ tó ń húkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ikọ́ ẹni tí ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Mo ní kí wọ́n bá mi kí wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Mo gba afẹ́fẹ́ sí táyà. Mo tú u jáde. Mo tún gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Mo lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló ká mi lára. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é, ǹ bá ti sọ yẹ̀yẹ́ bíi mẹ́wàá.

Mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìyá Òfin dé. Lórí kẹ̀kẹ́ ọkọ ẹ̀. Mọ́tò ọmọ ẹ̀ tẹ̀ lé e dé oríta, ó dúró díẹ̀, ó yí padà. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní, Ẹ káàárọ̀, Bàbá, ohùn kan náà tó fi kí àwọn yòókù. Mo ṣí fìlà. Mo ní, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ní, Mo ti gbọ́ ọ nínú fóònù. Ó yíjú sí Tíṣà, ó ní kó bá òun mú ẹ̀wù yẹn wá. Tíṣà wò mí, ó wò ó, ó gbé e fún un. Gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ ló dè.

Èmi ni mo lọ́ra jù, Oníbúrẹ́dì gan-an ti ń yára jù mí lọ lónìí. Ìyá Òfin ló kàn lẹ́yìn mi. A kọjá ọjà. A kọjá afárá. Mò ń gbọ́ ìró ṣéènì ẹ̀, kò ju ìyẹn lọ. Mi ò lè wẹ̀yìn, ẹni tó bá wẹ̀yìn lórí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ orí mi, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé iṣẹ́ omi, tí àwọn tó kù ti jìnnà, ó ní,

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Mo ní kí ni.

Ọjọ́ yẹn. Ẹ̀wù ń yọ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín bí ìyẹ́ adìyẹ. Ohùn náà, ẹ ò mọ̀ ọ́n yí.

Mo ní, Ẹ mọ̀? Kí ló wá mú yín dúró?

Mo ń retí kí ẹ padà wá.

Mo ní wákàtí méjì àtààbọ̀, nínú òjò. Ó ní òun ti rí ẹni tó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kóòtù kí ẹnì kan tó sọ òótọ́. Ó ní tèmi gba ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo ní, Wọ́n fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní orí yín ò pé mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ máa sọ.

Ó ní, Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo mú yín. Mo fẹ́ kí ẹ wá fúnra yín.

Mo tẹ búréèkì díẹ̀.

Mo dẹ ẹsẹ̀, kó lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, kí n lè rí ojú ẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó ń bínú tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà dẹ ẹsẹ̀. Mo tún dẹ ẹ́ títí kẹ̀kẹ́ mi fi ń mì. Ó dẹ tiẹ̀. Ẹni tó wọ ẹ̀wù yẹn kì í kọjá ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, a dé ibi tíì, tíì gbogbo wọn ti tutù, mi ò sì tíì mọ èwo ni nínú méjèèjì.